ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ọ̀rọ̀ lórí yíyan gìtá tí ó bá ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mu



Ọ̀rọ̀ gìtá ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ gìtá olókùn náílọ̀nù tí a ń pè ní gìtá kílásíkà. Ó ṣe é ṣe kí ẹlòmíràn wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni àlùfáà ń wá nínú ọjà gìtá? Èsì mi ni pé àwọn òbí ìjọ wa ń ra gìtá fún ọmọ wọn, àwọn ọ̀dọ́ wa ń tọ́jú owó pamọ́ láti ra tiwọn, ọ̀pọ̀ gìtá wọ̀nyí ni ó sì wà ní ìgbékọ́ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án mọ́. Owó ti lọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ kókó ọ̀rọ̀ mi kí n tó lọ jìnnà. Ohun èlò orin tí kò bá ọwọ́ ẹni mu a máa purọ́ mọ́ ẹni. Ọmọ tí a gbé gìtá tí ó ju apá rẹ̀ lọ fún, tí okùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gé e níka, tí ohùn rẹ̀ kò sì gún rárá, ọmọ náà kò ní wí pé, "Gìtá yìí kò dára." Ohun tí yóò wí ni pé, "Ọlọ́run kò fún mi ní ẹ̀bùn orin." Yóò gba irọ́ yìí gbọ́, yóò sì gbé e lọ títí dé ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé yíyan gìtá tọ́ sí ìrònú àwa tí a fi ọmọ lé lọ́wọ́.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Dáfídì ọmọ Jésè, ẹni tí í ṣe olórin kí ó tó di ọba. Nígbà tí ó fẹ́ lọ bá Gòláyátì jà, Sọ́ọ̀lù gbé ìhámọ́ra ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìhámọ́ra ọba ni. Kò sí èyí tí ó níyì jù ú lọ ní gbogbo Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè rìn nínú rẹ̀, nítorí kò tíì dán an wò rí. Ó sì bọ́ ọ sílẹ̀, ó mú kànnàkànnà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Bí ó bá ti ojú ìtìjú wọ ìhámọ́ra náà lọ sójú ogun, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbà wa sì ti wí i ní kúkúrú pé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí bí gìtá ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn atukọ̀ ni ó gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ará Kru ti ilẹ̀ Làìbéríà sì wà lára àwọn tí ó tètè mọ̀ ọ́n ta. Ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orin tí a ń fi í kọ fi gba orúkọ lọ́wọ́ ẹmu. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, Tunde King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ohun èlò olókùn kọ orin jùjú ní Èkó. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ fi ojú ọmọ ẹlẹ́mu wo gìtá fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ti ṣe sí ìlù ìbílẹ̀ wa, tí a dá a dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó wá mọ̀ pé ìlù kò dẹ́ṣẹ̀.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ràn orin. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí a bí ní 1855 tí ó sì sùn nínú Olúwa ní 1930, fi ohùn Yorùbá kọ orin ìyìn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní àlùfáà olórin. Ní 1922, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, a gba orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ebenezer Obey pẹ̀lú, ọmọ Òwu tí a bí ní Ìdógò ní 1942, fi gìtá kọ orin jùjú títí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun, kí ó tó wá fi orin rẹ̀ sin ìhìnrere. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó tún lè béèrè bóyá gìtá yẹ ọmọ Kristi. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, irú gìtá wo, ní ọwọ́ ta ni?

Gìtá ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí Obey fi gba òkìkí, iná mànàmáná ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Òmíràn wà tí okùn rẹ̀ jẹ́ irin, tí ọrùn rẹ̀ tínrín, tí ohùn rẹ̀ sì mú. Gìtá kílásíkà ni ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó fún un ní ìrísí tí ó ní títí di òní ni Antonio de Torres, gbẹ́nàgbẹ́nà gìtá ará Sípéènì, tí a bí ní 1817 tí ó sì kú ní 1892. Ìfun ẹran ni a fi ń ṣe okùn rẹ̀ ní ìgbà àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ogun mú kí okùn ìfun wọ́n, Albert Augustine ṣe okùn náílọ̀nù ní Amẹ́ríkà, ògbóǹtarìgì atagìtá nì, Andrés Segovia, sì gbà á lò. Láti ìgbà náà ni okùn náílọ̀nù ti gba ipò okùn ìfun. Okùn yìí rọ̀ ní ìka. Ọrùn gìtá náà fẹ̀, ó tó mìlímítà 52 ní ẹ̀bá orí, nígbà tí ti olókùn irin kò ju bíi 43 tàbí 44 lọ. Fífẹ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ìka kọ̀ọ̀kan rí àyè dúró lórí okùn tirẹ̀ láìfarakan ìkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí gidigidi, nítorí ó ti ba gìtá púpọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ wa: ẹ má ṣe ta okùn irin mọ́ gìtá kílásíkà láéláé. Okùn náílọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tí ó tó bíi kílò 40. Okùn irin a máa fà á tó kílò 70. Afárá tí ó di okùn mú yóò ṣí kúrò ní àyà gìtá, tàbí kí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ẹni tí ó bá wí fún yín pé okùn irin yóò jẹ́ kí ó ké sókè sí i, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ṣáájú ohun gbogbo, kí olùrà bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ fi gìtá ṣe. Ohùn gìtá kílásíkà tutù. Nígbà tí ìlù bá ń ró, tí gbogbo ìjọ sì dìde láti yin Olúwa ní ọjọ́ ìkórè, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ó yẹ nínú ilé, ní àdúrà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú akọrin kékeré, tàbí ní àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìgbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó yẹ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ láti ka àmì orin, kí ó sì fi ìka rẹ̀ ṣe iṣẹ́ akọrin mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ orin ìyìn aláriwo ni ọkàn rẹ ń fẹ́, gìtá mìíràn ni kí o rà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọlá orúkọ kílásíkà tàn ọ́.

Nísinsìnyí, a ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́rin.

Èkíní ni ọmọdé. Nínú ilé àwọn Àyàn, a kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọmọdé lọ́rùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Omele kékeré ni a kọ́kọ́ ń fi lé e lọ́wọ́, ìyáàlù sì ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí nínú ọ̀ràn gìtá. Gìtá àgbàlagbà ní okùn tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65, láti eegun kékeré ẹ̀bá orí rẹ̀ dé eegun orí afárá. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà yẹ kí ó lo èyí tí a ń pè ní ìdá kan nínú mẹ́rin, tí okùn rẹ̀ kò tó 50. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ yẹ kí ó lo ìlàjì, tí ó tó bíi 53. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá yẹ kí ó lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí ó tó bíi 58. Orúkọ ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe ìṣirò gidi, ẹ sì lè rí i pé ìlàjì gùn ju ààbọ̀ gìtá lọ. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Ọdún orí nìkan kò sì tó, nítorí ọmọ kan a máa ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, kí ó gbé gìtá lé itan òsì, kí ó sì na ọwọ́ òsì sí ẹ̀bá orí gìtá. Bí apá rẹ̀ bá nà tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀, gìtá náà tóbi jù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò wí: "Ẹ jẹ́ kí a ra ńlá, yóò dàgbà bá a." Ọgbọ́n yìí dára fún aṣọ ilé-ìwé, nítorí a lè ká a ní ìsàlẹ̀. Kò sí bí a ti lè ká gìtá. Kí ọmọ náà tó dàgbà bá a, ìfẹ́ tí ó ní sí orin yóò ti kú.

Èkejì ni àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó ra gìtá tí ó pé ní ìwọ̀n, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣe déédéé. Àyà ọ̀pọ̀ irú gìtá bẹ́ẹ̀ jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele. Ohùn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti ojúlówó pákó, ṣùgbọ́n ó ń fara da ọyẹ́ àti òjò wa, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò sì ní pàdánù ohunkóhun nítorí rẹ̀. Ohun tí yóò pa á lára ni okùn tí ó ga jù. Ní orí irin kejìlá tí a tẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá, kí àlàfo àárín irin àti okùn tí ó nípọn jù lọ má ju bíi mìlímítà 4 lọ, kí ti okùn tí ó tínrín jù lọ sì wà ní bíi 3. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè fá eegun orí afárá wálẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì má ná gbogbo owó rẹ̀ sórí gìtá nìkan. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, kí ó fi méjì pamọ́ fún àpò, okùn mìíràn, àti àpótí ìtẹ́sẹ̀. Kí ó má sì gbàgbé owó olùkọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó ti ń ta gìtá fún bíi ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìsinmi. Báwo ni yóò ti mọ̀ pé òun ti dàgbà ju gìtá òun lọ? Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín títa jẹ́jẹ́ àti títa kíkan, láàárín ohùn dídùn àti ohùn líle, ṣùgbọ́n tí gìtá náà ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn bákan náà, ó ti ń béèrè ohun tí gìtá náà kò ní. Nígbà náà, kí ó wá èyí tí àyà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó pákó kan ṣoṣo láìlẹ̀ mọ́ra, nítorí àyà ni ọ̀fun gìtá. Igi méjì ni ó wọ́pọ̀ fún un. Ọ̀kan ni igi spruce, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, tí ó sì ń dùn sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èkejì ni kédárì pupa ti Àríwá Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú kédárì Lẹ́bánónì tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì. Ohùn rẹ̀ gbóná, ó sì ń là láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí èyí tí ó ṣàìdára nínú méjèèjì. Kí etí olùrà ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ògbóǹtarìgì, tí ń ta gìtá níwájú ènìyàn, tàbí tí ń kọ́ ẹlòmíràn. Òun ni ó yẹ fún gìtá tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ojúlówó pákó, àyà, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, tí oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi ara balẹ̀ ṣe. Ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn igi tí a fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá. Èyí yẹ kí ó dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n irú gìtá bẹ́ẹ̀ dàbí ẹṣin tí a fi ọkà bọ́ dáradára: ó ń fẹ́ ẹni tí ó lè gùn ún. Ó ń fi gbogbo àṣìṣe ọwọ́ hàn, ojú ọjọ́ sì tètè ń bà á jẹ́. Olówó tí ó rà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti gbé ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtà, ẹ ṣe bí ìyá tí ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Kì í wo ojú aṣọ nìkan. A yí i padà, a fọwọ́ pa á, a gbé e síta wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé gìtá sókè, kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìdí, bí káfíńtà ti ń wo pákó, kí ẹ rí i bí ó bá wọ́. Ẹ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà, kí àwọn irin wẹ́wẹ́ má baà gé ọwọ́. Ẹ wo ìdí afárá bóyá ó ti ń ṣí. Ẹ yí àwọn ìkọ́ orí rẹ̀, kí wọn yí láìta kókó. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan ní orí irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ bí èyíkéyìí bá ń kùn bí eṣinṣin.

Àdánwò ìkẹyìn ni èyí. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ ní ọ̀gangan irin kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á, kí ẹ sì tètè gbé ìka kúrò. Ohùn kan yóò jáde bí agogo kékeré. Ẹ wá tẹ okùn kan náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tún un ta. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, bóyá okùn ti gbó. Ẹ jẹ́ kí olùtà pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tún dán an wò. Bí wọn kò bá tún dọ́gba, gìtá náà kò lè kọ orin tí ó gún láéláé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí ó ti rí lọ fún àwa Yorùbá, nítorí ohùn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí ohùn bá yà díẹ̀, igbá di igba, ọkọ̀ di ọkọ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tuntun lè ra tòkunbọ̀. Gìtá àtijọ́ tí a tọ́jú dára ju tuntun tí a kù gìrì ṣe lọ. Ṣùgbọ́n kí ó wo ibi tí pákó ti là, ibi tí ọrùn gbé pàdé ara, àti bóyá okùn ti jẹ ihò sínú àwọn irin. Bí kò bá mọ̀ ọ́n wò, kí ó mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń lọ fẹ́ ìyàwó láìmú alárinà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn rírà, ìtọ́jú ni ó kù. Gìtá fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní bíi ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ wa a máa gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojúlówó pákó a sì là. Nígbà òjò, pákó a máa wú. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má sì gbé e kọ́ sí abẹ́ páànù tí kò ní àjà. Inú àpótí rẹ̀ ni kí ó máa gbé. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi kànrìnkànrìn tí a rẹ tí a sì fún dáradára sínú ike tí a dá ihò sí, kí ẹ fi í sínú àpótí náà, kí omi má sì kan igi.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè iye tí a ń ta gìtá, ẹ kọ́kọ́ wọn apá ọmọ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tijú gìtá kékeré tàbí gìtá olówó pọ́ọ́kú, bí ó bá ti ń kọ òtítọ́. Àti ẹ̀yin tí gìtá yín ti wà lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ sì ti gbà pé ẹ kò ní ẹ̀bùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ẹ wọn gíga okùn rẹ̀. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé mìlímítà méjì péré ni ó wà láàárín yín àti orin tí Ọlọ́run fi sínú yín.

Kí Olúwa kọ́ ọwọ́ wa àti ìka wa láti yìn ín. Àmín.